Ọ̀nà kan ò wọjà: èsì fún ọ̀dọ́ tó ń ṣe wẹ́búsáìtì ní Tánkẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, àsàlámù àlékùm. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ọmọ ọdún 26, Tánkẹ́ ni mo ń gbé. Ilé-ìwé aládàáni kan gbé iṣẹ́ wẹ́búsáìtì fún mi. Wọ́n fẹ́ kí ìròyìn ilé-ìwé wà níbẹ̀, àti fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé, èsì ìdánwò, àti ibi tí àwọn òbí yóò ti máa sanwó. Mo sọ fún ọ̀gá tó ni ilé-ìwé pé mo fẹ́ ṣe é lọ́nà tí afọ́jú, adití àti àwọn akàndá ẹ̀dá yòókù yóò fi lè lò ó. Ó ní kí n má fi àkókò òun ṣòfò. Ó ní, "Afọ́jú wo ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì? Mélòó ni wọ́n?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, àbí èmi ni mò ń ṣe àṣejù? Tó bá sì ṣe pàtàkì, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÈSÌ: Wàálékùmù sàlámù, àbúrò mi. O ò ṣe àṣejù rárá. Ìbéèrè tí ọ̀gá rẹ bi ọ́ yìí, èmi náà ti bi í rí nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí. Ìwé kọ́ ló dá mi lóhùn, ènìyàn ni.

Mo ṣe wẹ́búsáìtì ìforúkọsílẹ̀ kan fún ilé-iṣẹ́ kan nílùú yìí, fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ó rẹwà lójú, gbogbo ènìyàn ló ń yìn mí. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí a ṣí i tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ kò ríran fi wọ ọ́fíìsì wa ní Táíwò. Ó ti jáde yunifásítì, ó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Kò wá tọrọ ohunkóhun. Ó ní ẹni tó ṣe wẹ́búsáìtì yẹn ni òun fẹ́ rí, kí ó wá jókòó ti òun, kí ó gbọ́ ohun tí òun ń gbọ́.

Ó yọ fóònù rẹ̀, Android lásán ni, irú èyí tó wà lọ́wọ́ ìwọ náà. TalkBack wà ní títàn lórí rẹ̀. Bóyá o kò tíì lò ó rí: ètò kan ni tó ń ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù síta, ibi tí ìka rẹ bá kàn ni yóò sọ. Ohùn náà ń sáré débi pé mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Òun ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ó ka WhatsApp, ó fèsì, ó wo ìròyìn, gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó wá ṣí wẹ́búsáìtì mi. Ohun tí fóònù ń sọ lédè Òyìnbó kò ju èyí lọ: bọ́tìnnì tí kò lórúkọ, bọ́tìnnì tí kò lórúkọ, àpótí ìkọ̀wé, àpótí ìkọ̀wé, bọ́tìnnì tí kò lórúkọ.

Ó yíjú sí ibi tí ohùn mi ti ń wá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni kí n kọ orúkọ mi sí nínú wọn? Èwo ni ti nọ́ńbà fóònù?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Lójú èmi, ó hàn gbangba. Mo ti ya àmì kékeré sára bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láìfún un lórúkọ nínú kọ́ọ̀dù. Mo ti fi lẹ́tà tó ṣú bí eérú kọ "orúkọ" sínú àpótí, èyí tó máa ń pòórá bí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà mí ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa tún un ṣe tán, ìforúkọsílẹ̀ ti parí, ọmọkùnrin yẹn kò sì wọlé. Títí di òní, bí mo bá rántí, ó máa ń dùn mí.

Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí o mú lọ bá ọ̀gá rẹ. Kì í ṣe ojú ọmọ yẹn ló dí i lọ́nà. Ó ti rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn ojú rẹ̀ kọjá tipẹ́. Èmi tí mo ríran ni mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti afọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, gbé ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ jáde ní ilé-ìwádìí CERN lọ́dún 1991, ọ̀rọ̀ lásán ló wà níbẹ̀, àti líǹkì tó ń mú ènìyàn láti ibì kan dé ibòmíràn. Bí TalkBack bá kan ojú-ewé yẹn lónìí, yóò kà á láti òkè délẹ̀ láìkọsẹ̀. Ọdún 1993 ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín ọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni àwa tí à ń kọ́lé sórí wẹ́ẹ̀bù ti ń fi ọ̀ṣọ́ kún ọ̀ṣọ́, tí a sì ń fi ọ̀ṣọ́ dí ojú ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tó ń lọ sí Ọjà Ìpàta lè fẹsẹ̀ rìn, ó lè gun ọ̀kadà, ó lè wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP. Bí ó bá ti débẹ̀, ẹran tí wọ́n tà fún ẹni tó wọ mọ́tò náà ni wọn yóò tà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bù ṣe rí. Ojú lè kà á. Ẹ̀rọ lè sọ ọ́ di ohùn fún etí. Ẹ̀rọ kan wà tó ń sọ ọ́ di àmì Braille lábẹ́ ìka. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì lè fẹ̀ ẹ́ títí tí lẹ́tà kan yóò fi tó àtàńpàkò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọ̀nà mẹ́rin ló gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Bí o bá wá fi àwòrán rọ́pò ọ̀rọ̀, ọ̀nà etí àti ọ̀nà ìka lo ti dí, ẹni tó sì ń fẹ̀ ẹ́, lẹ́tà lè dàrú mọ́ ọn lójú.

Ó yá, ká wá sórí "mélòó ni wọ́n." Àjọ elétò ìlera àgbáyé, WHO, ní àwọn tó ń gbé pẹ̀lú àìpé ara tó lágbára tó bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 300 láyé, ìyẹn ni pé nínú ènìyàn mẹ́fà, ọ̀kan wà níbẹ̀. Gbogbo wọn kọ́ ni afọ́jú. Adití wà níbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n wà níbẹ̀, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ sọ apá rẹ̀ di òkú wà níbẹ̀, ọmọ tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú wà níbẹ̀. Lápá ọ̀dọ̀ wa yìí, nínú àwọn abúlé tí odò wọn ń ṣàn gbúù gbúù lórí àpáta, àwọn àgbà mọ àìsàn ojú tí eṣinṣin kékeré etídò ń gé jẹ kó sí ènìyàn lára. Oògùn Mectizan tí wọ́n ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1987 ti gba ojú púpọ̀ là, ṣùgbọ́n ojú tó ti lọ kí oògùn tó dé kò padà. Glaucoma náà ń bẹ, tó máa ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀ láìdun ènìyàn. Èyí tó bá jí lọ, dókítà kankan kò lè gbà á padà.

Wo ọ̀gá rẹ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, kíyè sí i nígbà tó bá fẹ́ ka téèsì: yóò na fóònù jìnnà sí ara rẹ̀. Wẹ́búsáìtì tí lẹ́tà rẹ̀ kéré tí kò sì ṣeé fẹ̀, òun gan-an ló kọ́kọ́ tì síta.

Ohun kan sì wà tí àwọn onílé-ìwé kì í rò. Wọ́n á ní, "Ilé-ìwé wa kò tíì gba ọmọ afọ́jú rí." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó? Ta ló ń wo èsì ìdánwò? Bàbá ọmọ lè jẹ́ afọ́jú kí ojú ọmọ mọ́ kedere. Ìyá ọmọ lè jẹ́ adití. Ìyá àgbà tó wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, tó ń fi owó òwò rẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ lè ti máa ṣe bàìbàì. Òbí tó ń wọ ojú-ewé yẹn lè pọ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ, òbí sì ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tó bá tún béèrè pé afọ́jú wo ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, sọ fún un pé wọ́n ń lò ó, àti pé ó lè ṣe fún wọn ju bó ti ṣe fún wa lọ. Èmi lè ka ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní Pósí-Ọ́fíìsì. Mo lè wo pátákó ìkéde lára ògiri sẹkitéríàtì. Ẹni tí kò ríran kò lè ka ìyẹn, àfi kí ó wá ẹni tí yóò kà á fún un, ẹni náà a sì kà á nígbà tó bá wù ú, a sì fo ibi tó bá wù ú. Ọjọ́ tí ìkéde yẹn bọ́ sórí fóònù ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ dá a kà láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Àṣírí ni èyí tó ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí áàpù báńkì kò bá bá TalkBack sọ̀rọ̀, afọ́jú kò ní ṣàìfi owó ránṣẹ́; ẹlòmíràn ni yóò bá a fi ránṣẹ́. Yóò sọ PIN rẹ̀ fún ọmọ àbúrò, yóò sọ iye tó kù fún un fún aládùúgbò tàbí ẹni tó ń ṣe POS ní ìkóríta. Mo mọ ìyá kan tó jẹ́ pé gbogbo adúgbò ló mọ iye tó ní ní báńkì, kì í ṣe pé ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́, bọ́tìnnì tí kò lórúkọ ló tú àṣírí rẹ̀. Bí wọ́n bá jí owó rẹ̀ lọ́la, a ó ní kò kíyè sára. Wẹ́búsáìtì ilé-ìwé tí ìwọ ń ṣe yìí náà ní ibi ìsanwó nínú. Èsì ìdánwò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé ó yẹ kí bàbá tí kò ríran jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò gbọ́ ipò tí ọmọ rẹ̀ gbé, lẹ́yìn tí ayálégbé ti kà á tán?

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá rẹ gbọ́ kéwú, nítorí Ìlọrin la wà. Bí ó bá gbọ́ kéwú, rán an létí Abdullahi ọmọ Ummu Maktum. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ń bá àwọn ọlọ́lá Kuráéṣì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń retí pé wọn yóò gbà. Afọ́jú yìí wọlé, ó ní kí ó kọ́ òun nínú ohun tí Ọlọ́run fi mọ̀ ọ́n. Ànábì fajú ro, ó yíjú kúrò. Ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ láti ọ̀run, Sọ́rà Abasa, títí láé ni a ó sì máa ké e: ẹni tó rò pé òun kò nílò ọ̀rọ̀ náà lo dojú kọ, ẹni tó ń sáré bọ̀ wá bá ọ lo gbàgbé. Afọ́jú kan náà ló di ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà lẹ́yìn náà. Ní Ìlọrin wa níbí, ta ni kò mọ áfáà tí ojú rẹ̀ kò ríran tó há Kùránì sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ìlú tó ti ń jókòó síwájú irú áfáà bẹ́ẹ̀ láti kọ́ ìmọ̀ kò yẹ kí ó máa béèrè bóyá afọ́jú ń wá ìmọ̀ kiri.

Ní ti òfin, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí pé ẹ̀rù òfin kì í mú kí ènìyàn ṣiṣẹ́ tó dára. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá lọ́dún 2007, orí kẹsàn-án àdéhùn náà sì dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni òfin tiwa tó ka ìyàsọ́tọ̀ akàndá léèwọ̀ wọlé: ilé-iṣẹ́ tó bá rú u, mílíọ̀nù kan náírà, ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn tó bá ní kò sí àkókò. Kí ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Australia, lọ́dún 2000, Bruce Maguire, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò ríran, fẹjọ́ sùn pé òun kò lè ka wẹ́búsáìtì ìdíje náà. Àwòrán ibẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ tó ṣàlàyé wọn, kò sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ètò ìdíje àti èsì. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje ní àtúnṣe yóò gba ọjọ́ 368. Àwọn amòye tó wá jẹ́rìí ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Maguire jàre, wọ́n sì ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là Australia fún un. Ohun tí mo rí nínú ẹjọ́ yẹn ni pé ẹni tó kọ́lé tán kó tó rántí ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ máa ń wọ̀ lọ́rùn. Ìwọ kò tíì kọ́ tìrẹ. Bí o bá ṣe é láti ìpìlẹ̀, owó tí yóò gbà kò tó nǹkan.

Ibo ni kí o ti bẹ̀rẹ̀? Ìlànà kan wà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, WCAG ni wọ́n ń pè é. Àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà fún wẹ́ẹ̀bù, ló ń gbé e jáde. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1999, èyí tó jẹ́ 2.2 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ó gùn, máa kà á díẹ̀díẹ̀, ìpele AA, èyí tó wà láàárín nínú ìpele mẹ́ta rẹ̀, ni kí o máa lé. Ṣùgbọ́n má dúró de ìgbà tí o bá kà á tán.

Kọ́kọ́ gbógun ti ìkéde oníwòrán. O mọ ohun tí mò ń sọ: ilé-ìwé yóò ní kí ẹnì kan ya pósítà aláràbarà, ọjọ́ ìwọlé, iye owó, nọ́ńbà báńkì, gbogbo rẹ̀ á wà nínú àwòrán, wọn á sì jù ú sórí wẹ́búsáìtì àti WhatsApp. Afọ́jú yóò gbọ́ "àwòrán," ó parí. Lẹ́tà tí wọ́n fi fóònù yà tí wọ́n sì sọ di PDF, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìwé òfìfo ni létí TalkBack. Tẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an sórí ojú-ewé, kí pósítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ẹ. Àwòrán tó bá ní ìtumọ̀, kọ ọ̀rọ̀ sínú alt rẹ̀, ìyẹn àlàyé inú kọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ máa ń kà dípò àwòrán, kí o sì kọ ohun tó wúlò. Má kọ "àwòrán1." Kọ "àwọn ọmọ kíláàsì kẹta nínú yàrá kọ̀ǹpútà." Èyí tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, fi alt rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ̀rọ fò ó. Wàá tún rí i pé dátà àwọn òbí kò ní tètè tán, àti pé Google yóò lè rí ìkéde yín, torí ọ̀rọ̀ ló ń wá kiri.

Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù. Ibí ni mo ti ṣẹ̀, má ṣẹ̀ níbẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní label tirẹ̀, ìyẹn orúkọ rẹ̀, nínú kọ́ọ̀dù, tí a so mọ́ ọn, tó sì wà lójú nígbà gbogbo. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lórúkọ. Bí òbí bá ṣe àṣìṣe, má kàn sọ àpótí náà di pupa. Ẹni tí kò ríran kò mọ pupa, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í dá pupa àti àwọ̀ ewé mọ̀ náà kò mọ̀ ọ́n. Fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́: "Nọ́ńbà fóònù kò pé, ó yẹ kó jẹ́ 11." Bí o bá fi àkókò sí ibi ìsanwó, jẹ́ kí ènìyàn lè béèrè fún àfikún, nítorí pé ẹni tó ń fi etí kàwé, tó sì tún ní láti lọ gbọ́ OTP nínú téèsì kó tó padà wá, ìṣẹ́jú méjì kò tó o. Àdììtú oníwòrán tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, mú un kúrò, tàbí kí o wá èyí tí kò béèrè kí ènìyàn wòran.

Fi àkọlé gidi pín ojú-ewé rẹ, h1, h2, h3, má kàn sọ lẹ́tà di ńlá kó jọ àkọlé. Ẹni tó ń fi etí kàwé kì í gbọ́ gbogbo ojú-ewé. Orí àkọlé ló ń fò lé, bí ìwọ ṣe ń fi ojú wá ibi tí o fẹ́.

Yọ máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ, fi Tab lórí kíbọ́ọ̀dù rìn yí wẹ́búsáìtì náà ká. Bí o bá sọnù, tí o kò mọ ibi tí o wà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n yóò sọnù bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì tó tò pọ̀ wínníwínní, fẹ̀ ẹ́, ìlànà 2.2 ní kó má kéré ju píkísẹ́ẹ̀lì 24 níbùú àti lóròó, èmi a tún máa fi kún un. Lẹ́tà eérú lórí funfun tó gbòde yìí, jọ̀wọ́, má ṣe é. Ìlànà ní kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó mẹ́rin ààbọ̀ sí ẹyọ kan (4.5:1), ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ pọ̀ tí yóò wọ̀n ọ́n fún ọ. Àwọn WebAIM, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ yẹ mílíọ̀nù kan ojú-ewé wò lọ́dọọdún ń rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 95 ló ní àṣìṣe, lẹ́tà tó ṣú yìí ló sì máa ń ṣáájú. Oòrùn ọ̀sán Ìlọrin nìkan tó láti fi hàn ọ́ pé kì í ṣe afọ́jú nìkan ló ń jìyà rẹ̀.

Bí ọ̀gá àgbà bá ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn adití. Má fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan, pàápàá tó bá jẹ́ Yorùbá ló ń sọ. Lo gbólóhùn tó rọrùn, torí pé fún ọ̀pọ̀ adití, èdè ọwọ́ ni èdè àbínibí, Òyìnbó tí a kọ sílẹ̀ jẹ́ èdè kejì.

Èyí tó kù jẹ́ tiwa nìkan. Bí o bá kọ Yorùbá sórí wẹ́búsáìtì náà, inú mi yóò dùn, ṣùgbọ́n kọ lang="yo" sínú kọ́ọ̀dù ibẹ̀. Bí o kò bá kọ ọ́, fóònù yóò rò pé Òyìnbó ni, yóò fi ahọ́n Òyìnbó ka "Ẹ káàbọ̀," a sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa, kí "owó" má baà di "òwò." Lo Unicode, ìlànà lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà mọ̀, fún ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn fọ́ńtì àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé àmì mìíràn ni wọ́n wọ aṣọ ẹ fún; ojú á rí ẹ, ẹ̀rọ akàwé á rí nǹkan mìíràn tó wà lábẹ́ aṣọ.

Ẹnì kan lè wá tà ọ́ ní ètò kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ igun wẹ́búsáìtì, pé ìlà kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Má ra á. Lọ́dún 2025, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní kí ilé-iṣẹ́ kan tó ń polówó irú rẹ̀ san mílíọ̀nù kan dọ́là, torí pé ohun tí wọ́n ń sọ kọjá ohun tó lè ṣe.

Nígbà tí o bá sì ṣe é tán, má fi ojú ara rẹ nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-ìwé ìjọba fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akàndá wà ní Apáta Yákúbà, Yunifásítì Ìlọrin náà ní ibùdó tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití lọ́wọ́. Lọ kí wọn, béèrè bóyá ẹni méjì tàbí mẹ́ta lè bá ọ lò ó. San owó fún wọn, iṣẹ́ ni wọ́n bá ọ ṣe, sàráà kọ́ lo wá ṣe fún wọn. Àwọn tó ń fi etí lo kọ̀ǹpútà lè lo NVDA, ètò akàwé bíi TalkBack fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Wàá kọ́ ohun tí ìwé kan kò lè kọ́ ọ láàárín wákàtí kan.

Ó ku ọ̀gá rẹ. Mo rò pé àlàyé mi wọ̀nyí kò ní yí i lọ́kàn padà tó bí ohun tí yóò bá a nígbà tí ojú rẹ̀ kò bá ríran. Nígbà tí àkọ́ṣe wẹ́búsáìtì náà bá ṣeé ṣí, gbé e lọ bá a ní ọ́fíìsì. Tan TalkBack lórí fóònù tìrẹ, nínú Settings, lábẹ́ Accessibility. Kí o tó gbé e lé e lọ́wọ́, kọ́ ọ pé ìka kan ni yóò fi máa wá nǹkan kiri, yóò sì kàn án lẹ́ẹ̀mejì tó bá fẹ́ ṣí i. Kí o sì mọ bí a ṣe ń pa á, kí ẹ má baà há síbẹ̀: di bọ́tìnnì ohùn méjèèjì mú pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ní kí ó di ojú rẹ̀, kí ó sì san owó ilé-ìwé ọmọ kan. Fún un láyè, má bá a sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ó ṣe bákan náà lórí wẹ́búsáìtì ilé-ìwé mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ro ti afọ́jú mọ́. Kọ ibi tí ó ti dúró nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ibi tí ó bá ti dúró lórí tìrẹ, èmi àti ìwọ yóò jọ tún un ṣe.